Títíladé Àjọkẹ́ Ọlọ́runṣògo (1959–2025): Ẹni Tó To Ìtàn Ilé Méjì Sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ara Wọn

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹta ọdún 1959 ni a bí Màmá Títíladé Àjọkẹ́ Ọlọ́runṣògo sí abà Ọdẹ́tọ́lá, tí kò jìnnà sí Erunmu. Bàbá wọn ni Olóògbé Joel Gbọ́njúbọ́lá, àgbẹ̀ kòkó àti obì. Ìyá wọn ni Olóògbé Comfort Àṣàbí, tí èéfín gàrí yíyan ba ojú wọn jẹ́ kí wọ́n tó darúgbó. Ọmọ kẹta nínú ọmọ méje ni Màmá, àwọn nìkan sì ni obìnrin. Ẹni tó bá mọ ohun tí ojú ọmọbìnrin kan ṣoṣo ń rí láàárín ọkùnrin mẹ́fà nílé àgbẹ̀ yóò mọ̀ pé láti kékeré ni àárẹ̀ ti mọ̀ wọ́n lójú.

Wọ́n wọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Erunmu ní 1965, wọ́n sì jáde ní 1971. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń lọ, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń bọ̀, bí wọ́n bá sì délé, odò ló kàn. Ní 1975 wọ́n lọ sí Ìbàdàn lọ kọ́ títẹ táìpù. Láti 1977 ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba kan níbẹ̀, títí a fi dá àwọn àti ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ dúró ní 1988.

Ní 1983 wọ́n fẹ́ Olùkọ́ Ezekiel Ọlọ́runṣògo, ọmọ Lalupon, ní ìjọ C.A.C. Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́ta ta wọ́n lọ́rẹ. Ọdún mẹ́rin gbáko ni Olùkọ́ fi wà lórí ibùsùn àìsàn kí ọlọ́jọ́ tó dé ní 2006. Màmá ló ń gbé wọn, Màmá ló ń wẹ̀ wọ́n. Ibẹ̀ ni ẹ̀yìn dídùn ti bẹ̀rẹ̀, kò sì lọ mọ́.

Nínú ìjọ, akọ̀wé Ẹgbẹ́ Obìnrin Rere ni wọ́n fún ọdún mọ́kànlélógún. Nínú ìlú, kò sí ìwé ẹ̀bẹ̀ tí Lalupon kọ sí ìjọba nítorí omi tàbí nítorí ọ̀nà tí kò gba ọwọ́ wọn kọjá. Omi kò tíì dé, ọ̀nà kò tíì dára, ṣùgbọ́n ìwé náà kò ní àṣìkọ kankan.

Ní 1989 ni wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù táìpù síwájú ilé ní Lalupon. Ní 2002, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ wọn ń sọ pé kọ̀ǹpútà kì í ṣe iṣẹ́ àgbà, wọ́n lọ kọ́ ọ ní Mọ́kọ́lá fún oṣù mẹ́fà. Wọ́n wá ń to ìwé ètò ìsìnkú, ìwé ètò ìgbéyàwó, àti ìwé àdúrà tí Yorùbá wà lápá kan, tí Gẹ̀ẹ́sì wà lápá kejì.

Iṣẹ́ kan wà nínú gbogbo iṣẹ́ wọn tí ẹbí kò lè fò, àwọn ọmọ Bàbá Sàníù fúnra wọn ló sì ní kí a kọ ọ́ síbí. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2017, Bàbá Sàníù, àgbẹ̀ ẹ̀gẹ́ ní Lalupon, jáde láyé. A sin wọ́n lọ́jọ́ náà gẹ́gẹ́ bí Mùsùlùmí, ó wá ku fìdáù ọjọ́ kẹjọ. Ìyàwó méjì ni wọ́n ní, ilé méjì. Alhaja Mùjíbátù, ìyáálé, wà ní Lalupon. Ìyá Sanmí, ìyàwó kejì, tó ti kú ṣáájú, gbé ní Erunmu, ọmọ ìjọ Kérúbù àti Séráfù sì ni òun àti àwọn ọmọ rẹ̀.

Hasanat, ọmọ Alhaja, gbé ìtàn ìgbésí ayé bàbá wá sí ṣọ́ọ̀bù. Lọ́jọ́ kan náà ni Sanmí gbé tirẹ̀ wá. Nínú ìtàn Hasanat, kò sí ìyá Sanmí. Nínú ti Sanmí, kò sí Alhaja. Oníkálùkù ní tòun ni kó ṣíwájú nínú ìwé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ilé òun kò ní yọjú síbi fìdáù.

Màmá ní, “Ẹ̀yin ọmọ yìí, ó ti rẹ̀ mí kí ẹ tó dé. Ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni mo máa tò wọ́n sí láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin. Kò ní sí ìṣáájú, kò ní sí ìkẹyìn.”

Hasanat ní, “Apá wo ni tiwa, mà?”

“Èyí tó bá wù ọ́.”

Ó mú apá ọ̀tún, nítorí pé ọwọ́ ọ̀tún ni Mùsùlùmí fi ń ṣe ohun rere. Sanmí mú apá òsì láì jiyàn, nítorí pé láti òsì ni a ti ń bẹ̀rẹ̀ ìwé kíkà. Oníkálùkù rò pé òun lòun borí.

Ẹni tí kò ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí á rò pé kò le. Bí ọ̀rọ̀ bá kún apá òsì dé ìsàlẹ̀, kọ̀ǹpútà á gbé ìyókù lọ sórí apá ọ̀tún. Báyìí ni ìtàn méjèèjì ṣe ṣàn wọ inú ara wọn nínú èyí tí Màmá kọ́kọ́ fi hàn wọ́n, tí a fi kà á níbẹ̀ pé Alhaja Mùjíbátù ló bí Sanmí ní Erunmu. Hasanat fa ìwé náà ya. Sanmí ní Màmá ti ń gbè sẹ́yìn Hasanat.

Màmá jókòó padà sídìí kọ̀ǹpútà. Wọ́n tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀. Wọ́n fa ìlà àpótí méjì tí ọ̀rọ̀ máa wọ̀ sí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, wọ́n so àpótí òsì ojú ìwé kìíní mọ́ àpótí òsì ojú ìwé kejì, kejì mọ́ ẹ̀kẹta, bẹ́ẹ̀ títí dé ìkẹrìnlélógún. Wọ́n ṣe bákan náà fún ti ọ̀tún, kí ọ̀rọ̀ ilé kan má baà ya ilé kejì mọ́. Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni Hasanat ń fi kún tirẹ̀, tí Sanmí náà ń fi kún tirẹ̀. Bí ìlà kan bá wọlé, gbogbo èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ á sún kúrò níbi tí wọ́n tò ó sí.

Olúwaṣìkẹ́mi, àkọ́bí wọn, ní, “Màmá, ẹ wo bí ẹ ṣe ń di ẹ̀yìn mú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé e lọ síbòmíràn.”

Wọ́n ní, “Bí mo bá fi í sílẹ̀, ìwé méjì ni wọ́n máa ṣe, fìdáù méjì ni wọ́n máa ṣe. Wọn ò tún ní jókòó pọ̀ mọ́ láyé.”

Ní ọjọ́ kẹrin ni wọ́n kíyè sí nǹkan kan. Lápá òsì, Sanmí kọ ọ́ pé lẹ́yìn tí a bí òun ní 1978, àìsàn dá ìyá òun dúró sí ilé ìwòsàn n'Ìbàdàn fún oṣù méjì. Kò sọ ẹni tó tọ́jú ọmọ. Lápá ọ̀tún, níbi tí Hasanat ti ń yin ìyá rẹ̀, ó kọ ọ́ pé ní 1978, Alhaja pín ọmú ọmọ tirẹ̀ fún ọmọ ọwọ́ kan tí ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn, títí oṣù méjì fi pé. Kò dárúkọ ọmọ náà, nítorí pé Alhaja kò dárúkọ rẹ̀ fún un rí. Ojú ìwé mẹ́ta ló wà láàárín ọ̀rọ̀ méjèèjì. Màmá kò fi ọ̀rọ̀ kan kún un, wọn kò sì yọ ọ̀kan kúrò. Wọ́n sún àwòrán síwájú, wọ́n fẹ àlàfo níhìn-ín, wọ́n fún un pọ̀ lọ́hùn-ún, títí ìlà méjèèjì fi dojú kọ ara wọn ní ojú ìwé kọkànlá. Ọjọ́ kan gbáko ni ìyẹn nìkan gbà.

Lọ́jọ́ fìdáù, ilé méjèèjì wá, oníkálùkù sì jókòó sábẹ́ àtíbàbà tirẹ̀. Sanmí ń ka ìtàn tirẹ̀ jẹ́jẹ́, ojú rẹ̀ bá ṣèèṣì bọ́ sápá kejì. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó dìde, ó la àárín èrò kọjá, ó dọ̀bálẹ̀ níwájú Alhaja.

“Alhaja, ọmọ ta lẹ fún lọ́mú ní 1978?”

Alhaja, tí kò mọ̀wé, ní, “Ta ló sọ fún ọ?”

“Ó wà nínú ìwé, mà.”

Alhaja ní, “Ìwọ ni. Bàbá rẹ ló gbé ọ wá lórí kẹ̀kẹ́. O ti sunkún débi pé ohùn ò jáde lẹ́nu rẹ mọ́.”

“Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?”

“Èmi àti ìyá rẹ jà lẹ́yìn ìgbà yẹn, a ò sì parí ẹ̀ tó fi lọ. Ṣé a wá ń ka ọmú tí ọmọ mu sí i létí ni?”

Hasanat dìde kúrò lórí àga tirẹ̀, ó ní kí Sanmí jókòó. Láti ọjọ́ náà títí Alhaja fi kú ní 2022, Sanmí ló ń gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn.

Màmá kò sí níbẹ̀. Orí ẹní ni wọ́n wà nílé, wọn kò lè dìde. Nígbà tí Hasanat wá ròyìn fún wọn, wọ́n ní, “Ó dáa bẹ́ẹ̀. Jọ̀wọ́, bá mi ti fèrèsé yẹn, kí n sùn díẹ̀.”

Ojú wọn kò gbe iṣẹ́ mọ́ nígbà tó di 2021, wọ́n sì ti ṣọ́ọ̀bù. Ẹbí kò ní parọ́ fún ẹ̀yin tí ẹ wá bá wọn kẹ́dùn: ayé ti sú Màmá díẹ̀ kí wọ́n tó lọ, wọn kò sì fi pamọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ kejì oṣù Kejì ọdún 2025, wọ́n ní kí a má ṣe pe dókítà mọ́, kí a kàn jókòó ti àwọn. A jókòó. Kí ìsìn tó parí ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ti lọ.

Wọ́n fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀ sáyé lọ: Olúwaṣìkẹ́mi, Dàpọ̀ àti Ọlọ́runyọmí, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ méje, ọkùnrin mẹ́ta nínú àwọn àbúrò wọn, àti ẹbí púpọ̀ ní Erunmu àti Lalupon. Hasanat àti Sanmí bẹ̀bẹ̀ pé kí a ka àwọn náà mọ́ ọmọ. A kà wọ́n mọ́ ọn.

Àjọkẹ́, ọmọ Gbọ́njúbọ́lá, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Kí Olúwa tẹ́ yín sí ibi tó tutù, kí ilẹ̀ àjíǹde mọ́ bá yín láyọ̀. Ẹ sùn fọnfọn, Màmá. Ẹnikẹ́ni kò ní jí yín síṣẹ́ mọ́.