Wọ́n Gbé Mi Kọ́ Ògiri ní Iganmu, Mi Ò sì Tíì Kú

Haleemah Àyìnkẹ́ ọmọ mi,

Asalaamu alaekun. Ṣé ara le, ṣé ẹ̀kọ́ àwòrán kíkùn yẹn ń lọ, ṣé o kì í pa ebi mọ́nú ní Yaba? Ọlọ́run tó mú ọ dé Èkó kò ní jẹ́ kí Èkó gbé ọ mì. Àwa náà wà láàyè, èmi gan-an wà láàyè, ohun tí mo sì fẹ́ kọ́kọ́ fi tó ọ létí nìyẹn.

Ní Jímọ̀ tó kọjá, mo wà nídìí gàrí tí mò ń yan nígbà tí Yẹ̀kínnì àbúrò bàbá rẹ sáré gbé fóònù rẹ̀ wá. Ó ní o fi àwòrán kan ránṣẹ́, o ò sì kọ ọ̀rọ̀ kankan sí i. Mo wò ó, èmi ni! Wọ́n gbé mi kọ́ ògiri funfun, férémù dúdú yí mi ká, ojú mi dì pátápátá, òdòdó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, àwọn ọ̀dọ́ tó wọ dúdú láti òkè délẹ̀ dúró wọ́ọ́rọ́wọ́, obìnrin kan sì tẹ̀ síwájú, ó ń kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ńlá. Haleemah, kí ni kí èèyàn pe ìyẹn? Nígbà tí Tíṣà Sylvester kú, bí wọ́n ṣe ṣe é náà nìyẹn, àwa náà sì kọ orúkọ sínú ìwé.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn ará àdúgbò ti ń wá kí wa kú ìrọ́jú. Ìyá Aminullah sunkún lé mi léjìká, ìgbà tó rántí pé èmi ló ń torí ẹ̀ sunkún, ó ní kí n má bínú. Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú mi kò dùn rárá. Mo ti gbọ́ nípa àwọn ọmọ tó bá dé Èkó tán tí wọ́n á máa sọ fún ọ̀rẹ́ wọn pé ìyá àwọn ti kú, torí pé ara ìyá náà ń rùn fún èéfín. Fóònù rẹ kò sì wọlé. Mo wo ọwọ́ mi tó ti dúdú nídìí iná, mo ní ó parí, ọmọ mi ti sin mí kí ojú má bàa tì í.

Nígbà tí ara mi ò gbà á mọ́, mo ní kí Awwal àbúrò mi, tó ń tún ọkọ̀ ṣe ní Múṣin, lọ bá mi wo òkú mi. Ó wá ọ lọ sí Yaba, wọ́n ní Iganmu lo wà; ó débẹ̀, ó pè mí, ó ní kò sí òkú kankan níbẹ̀, ìdíje àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kun àwòrán ni, ọwọ́ ara rẹ lo fi kùn mí, àwọn adájọ́ sì ti fún ọ ní ipò kìíní. Ẹjọ́ wo lo tún ní, ọmọ mi? A dúpẹ́ pé o jàre. Ó ní o tọ́ka sí mi níwájú àwọn èèyàn ńláńlá, o ní ìyá rẹ rèé, gàrí tó ń yan ló ń ra ọ̀dà fún ọ, èéfín ló mú kó dijú.

Mo jókòó, mo sunkún títí gàrí fi jóná. Ọkàn mi balẹ̀ bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀. O ò tijú mi!

Bá mi bẹ àwọn tó kọ orúkọ yẹn kí wọ́n wá pa á rẹ́, mi ò fẹ́ kí ìwé náà máa tẹ̀lé mi kiri. Kí o sì fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ nínú owó ẹ̀bùn náà. Má fi í sí fóònù Yẹ̀kínnì o, ojú ẹ̀ ti sán, owó lè gba ibẹ̀ jò, Awwal ni kó gbé e wá. Mo fẹ́ dé Iganmu kí wọ́n tó sọ̀ mí kalẹ̀, kí n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara mi.

Ọwọ́ tó kùn mí kò ní rọ. Ọmọ tìrẹ náà á gbé ọ kọ́ ògiri níṣojú ẹ̀mí rẹ. Bí o bá tún máa kùn mí, dákun, jẹ́ kí ojú mi là sílẹ̀. Mo fẹ́ rí àwọn tó ń wò mí.

Èmi ni ìyá rẹ tó wà láàyè,
Kùdírátù