Ẹni Tó Ta Gìtá Kejì

Ojúlé Kẹtàlá, Òpópó Fọláyẹmí,
Àjàngbàdì, Ọjọ́,
Èkó.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹfà, ọdún 2025.

Ìyìnolúwa, ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ o, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí àwọn ìbejì. Ṣé dáadáa ni gbogbo yín wà ní Ìlọrin? Àdúrà mi ni pé kí àìsàn má mọ ọ̀nà ilé yín, kí oúnjẹ tí ẹ bá jẹ máa ṣe yín lóore. Ara tèmi náà le, orúnkún nìkan ló ń bá mi jà. O máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé fóònù ti gba bírò lọ́wọ́ mi. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ fóònù. Mo fẹ́ kó wà lákọsílẹ̀, kí àwọn ọmọ rẹ lè kà á lọ́jọ́ iwájú.

O ò bá bàbá mi láyé, o ò sì mọ ohun tí orúkọ Owólabí Mákindé jẹ́ ní Ọjọ́ ní nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn. Gìtá méjì àti ohùn kan ni, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, síbẹ̀ apẹja á so ọkọ̀ rẹ̀ mọ́ èbúté kó lè gbọ́ wọn. Bàbá mi ní àṣà kan. Bí wọ́n bá ti bímọ, kí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ tó pé, wọ́n á ti ṣe orin fún ọmọ náà, oríkì rẹ̀ ni wọ́n á sì fi parí orin. Tèmi ni "Àwẹ̀ró". Tí wọ́n bá kọ ọ́ dé ibi tí wọ́n ti ń pe oríkì mi, mo gbọ́dọ̀ jẹ́ "Oò!" láti ibikíbi tí mo bá wà nínú ilé, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọn ò ní parí rẹ̀.

Múyìwá ni ọmọọṣẹ́ tó ń ta gìtá kejì. O mọ̀ ọ́n, bàbá arúgbó tí wọ́n ń sọ lórí tẹlifíṣọ̀n pé ó dá orin ìbílẹ̀ Àwórì sílẹ̀. Má bínú pé mi ò fi ọ̀wọ̀ kún orúkọ rẹ̀, kò kù lọ́wọ́ mi. Lọ́sẹ̀ tí a sin bàbá mi ló wá kó rẹ́kọ́ọ̀dù wọn, fọ́tò, ìwé orin àti gìtá lọ, ó ní kí òjò má bàa bà wọ́n jẹ́ ni. Kò pé ọdún kan, ó ní ilé òun jóná, gbogbo rẹ̀ sì ti lọ. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, a gbọ́ "Àwẹ̀ró" lórí rédíò. Wọ́n ní Múyìwá ló ṣe é fún ìyá rẹ̀.

Màámi Àgbà, ìyá tó bí mi, wọ bàtà, èmi náà tẹ̀ lé wọn, ó di ilé Múyìwá ní Ìba. Wọn ò béèrè kọ́bọ̀. Ohun tí wọ́n bẹ̀ ẹ́ fún kò ju pé kó máa dárúkọ Owólabí tó bá ń kọrin náà. Àgbàlá la dúró sí, kò sẹ́ni tó fún wọn ní àga. Ó wò wọ́n látòkè délẹ̀, ó ní, "Ìyá, ẹ lọ sinmi. Òkú kì í kọrin." Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń bínú. Pásítọ̀ wa á wàásù ìdáríjì títí, èmi náà á ṣe Àmín, ọkàn mi ò sí níbẹ̀.

Nígbà tí Màámi Àgbà kú lọ́dún tó kọjá, mo ń palẹ̀ ẹrù wọn mọ́ nígbà tí mo rí téèpù kan nínú dúrọ́ọ̀ máṣíìnì ìránṣọ. Téèpù ayé àtijọ́ ni, ó fẹ̀ bí àwo ọbẹ̀. "Àwẹ̀ró, 1966" ni wọ́n kọ sára páálí rẹ̀, ọwọ́ Múyìwá sì ni, nítorí bàbá mi ò kàwé, òun ni akọ̀wé ẹgbẹ́. Mo gbé e lọ bá Ẹkúndayọ̀ tó ń tún rédíò ṣe ní Òkòkòmáíkò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi wá ẹ̀rọ tó lè lù ú. Nígbà tí ohùn bàbá mi jáde, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mo sunkún bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú.

Bàbá mi kì í pa ẹ̀rọ tí wọ́n bá ń kọ́ ọmọọṣẹ́ lórin. Wọ́n á jẹ́ kó máa gba gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, àti àṣìṣe àti ìbáwí, kí ọmọọṣẹ́ lè fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ti ṣì. Gbogbo ẹ̀kọ́ yẹn ló wà níwájú orin. Múyìwá ti gbàgbé. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Ní àkókò yẹn gan-an, obìnrin kan tó ń jẹ́ Abọ́lá, tó ń kó rẹ́kọ́ọ̀dù àtijọ́ jọ, fẹ́ ṣe àfihàn ńlá fún Múyìwá ní gbọ̀ngàn kan ní Ìyànà-Ìba. Mo rí fọ́tò àwọn ohun tí wọ́n máa pàtẹ. Gìtá tó ní ó jóná ló wà níwájú pátápátá! Ẹkúndayọ̀ ní kí n lọ sọ fún Abọ́lá. Mo ní rárá, Múyìwá fúnra rẹ̀ ni mo fẹ́ kó sọ ọ́. A ti da ohun inú téèpù náà kọ sórí fóònù, nítorí náà ẹ̀rù ò bà mí. Mo gbé téèpù náà lọ sí Ìba, mo kúnlẹ̀ pẹ̀lú orúnkún tó ń ro mí yìí, mo ní, "Bàbá, mo rí téèpù yín nínú ẹrù ìyá mi." Ó rí ọwọ́ ara rẹ̀ lára páálí, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ọwọ́ mi rèé! Òun la máa fi ṣí ètò." Ó ṣàdúrà fún mi, mo ṣe Àmín. Kò ní ẹ̀rọ tó lè fi gbọ́ ọ.

Aago méjì ọ̀sán Sátidé kan ni ètò náà. Èrò kún inú gbọ̀ngàn. Múyìwá gba gbohùngbohùn, ó ní, "Ẹ gbọ́ ohùn mi nígbà èwe." Ẹ̀rọ Ẹkúndayọ̀ ni wọ́n yá, òun ló sì tẹ̀ ẹ́. Bàbá mi ló sọ̀rọ̀. "Múyìwá, ọwọ́ rẹ tún ti yá jù. Orin ọmọ mi ni, kì í ṣe eré ìje." Ohùn ọ̀dọ́kùnrin kan dáhùn pé, "Ẹ má bínú, ọ̀gá. Ta tiẹ̀ ni Àwẹ̀ró?" Bàbá mi ní, "Mosúnmọ́lá tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ yẹn ni. Ó ń sùn, kò gbọ́ tiwa." Ẹnìkan rẹ́rìn-ín. Múyìwá pariwo, "Pa á! Mo ní kó o pa á!" Ẹkúndayọ̀ ń yí bọ́tìnnì, ó ní, "Bàbá, ó há o. Ẹ̀rọ àtijọ́ ni."

Orin wá bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó dé ibi oríkì, tí bàbá mi pè é, mo dìde dúró láàárín èrò, èmi ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta, mo jẹ́ "Oò!" Gbogbo ojú yí sí mi. Èmi ò wo ẹnikẹ́ni, Múyìwá ni mo tẹjú mọ́. Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, kò rí i pa dé. Inú mi dùn, Ìyìnolúwa. Mi ò ní purọ́ fún ọ, kò sí oyin tó dùn tó ọjọ́ yẹn.

Abọ́lá bẹ̀ mí, ó yọ orúkọ Múyìwá kúrò lára gbogbo nǹkan, ó sì kó ẹrù bàbá mi wá sílé. Gìtá wọn wà lórí àga ní pálọ̀ bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Ó tún mú fọ́ọ̀mù kan wá láti ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú orin àtijọ́, níbi tí gbogbo ayé ti lè gbọ́ ọ títí láé. Wọ́n ní ká kọ orúkọ ẹni tó ṣe orin, ẹni tó kọ ọ́, àti gbogbo ẹni tó ta ohun èlò. Ẹni méjì nínú ẹbí ló máa buwọ́ lù ú.

Lánàá, Múyìwá wá síbí. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí táìsì, ẹni tó fi ọdún mẹ́tàdínlógún jù mí. Ó ní, "Mosúnmọ́lá, orin kì í ṣe tèmi, mo jẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ló ta gìtá kejì. Òun nìkan ni tèmi láyé yìí. Jọ̀wọ́, kọ orúkọ mi síbẹ̀." Òótọ́ ló sọ. Mi ò ní kó dìde. Mo mú bírò níṣojú rẹ̀, mo kọ ọ́ sí ibi tí wọ́n ti béèrè ẹni tó ta gìtá kejì pé: "A kò mọ ẹni náà." Mo gbé e sún mọ́ ọn kó lè kà á. Ó pẹ́ kó tó lè dìde.

Fọ́ọ̀mù náà wà nínú àpò ìwé tí Àdìó, ẹni tí mo fi lẹ́tà yìí rán, mú wá yìí. Buwọ́ lù ú bó ṣe wà, kí o dá a padà fún un. Má pè mí láti bá a bẹ̀bẹ̀, mo mọ̀ ọ́, àánú tètè máa ń ṣe ọ́.

Olúwa á dúró tì ọ́. Ayé ò ní gba iṣẹ́ ọwọ́ rẹ mọ́ ọ lọ́wọ́. Orúkọ rẹ ò ní parẹ́ níbi tó o bá ti ṣiṣẹ́. Àwọn ìbejì á dàgbà, wọ́n á sì gbó lójú rẹ.

Èmi ni ìyá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Mosúnmọ́lá Àwẹ̀ró.

Àfikún: Mo tún gbọ́ téèpù náà láàárọ̀ yìí. Gìtá kejì yẹn ló gbé gbogbo orin náà dúró, ó dùn ju ti bàbá mi lọ. Má sọ fún ẹnikẹ́ni.