Ìdí Tí Ìlọrà Fi Gba Bọ́ọ̀lù Onígi Tọwọ́tẹsẹ̀

Nasrullah ọmọ mi,

Àsàlámù aléékù. Bí o bá wà lórí ìjókòó, dìde kí o tó ka èyí, nítorí bàbá rẹ ti kúrò lẹ́gbẹ́ àwọn bàbá tó kàn wà nílé. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta èèyàn ni mo kó jọ sórí ilẹ̀ wa lọ́nà Jobele ní Sátidé tó kọjá, tí wọ́n wá wo bọ́ọ̀lù onígi tí ilé iṣẹ́ yín gbé wá láti Akra. Ìyá rẹ tó ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bi mí pé kí ni mo ń kọ, mo kà á sí i létí, ó ní kí n má purọ́ fún ọmọ òun. Ó dáa, ọgọ́rùn-ún èèyàn. Ó tún wò mí. Mọ́kànléláàádọ́rin ni wọ́n, ewúrẹ́ Ṣàngótóyè sì wà nínú rẹ̀.

Àlàáfíà ni a wà, a sì ń bẹ Ọlọ́run kí ìwọ náà wà bẹ́ẹ̀, kí ọ̀nà tí o ń tọ̀ má hu ẹ̀gún, kí àwọn tó ń bá ọ jẹun má ṣe ka òkèlè rẹ. A dúpẹ́ gan-an fún oògùn ojú tí o fi rán awakọ̀. Mo ń kán an sójú láàárọ̀ àti lálẹ́, mo sì ti ń ríran débi pé mo rí i pé irun ìyá rẹ ti funfun. Mo sọ fún un, ọjọ́ méjì ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀. A dúpẹ́ fún owó náà pẹ̀lú. Mo lọ gbà á lọ́wọ́ Fatihah onípíọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé e sún mọ́ imú, òórùn ẹja gbígbẹ ni mo gbọ́. Ọkàn mi kò balẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo ń rò ó pé ṣé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ tó fi di pé ẹja ni o ń tà ní Akra, tí o sì ń fi pamọ́ fún wa. Fatihah ní kì í ṣe owó tí ọwọ́ rẹ kàn gan-an ni òun kó fún mi. Mo bi í pé níbo ni tèmi wá wà. Mo kàn dúpẹ́, mo sì padà sílé.

Nehemiah tíṣà, aládùúgbò wa, ló máa fi fóònù ya ìwé yìí ní fọ́tò ránṣẹ́ sí ọ. Mo ní kó jẹ́ kí tàdáwà gbẹ ná, kó má baà ta sí ọ láṣọ níbẹ̀. N kò fẹ́ pè ọ́, nítorí ọ̀rọ̀ kan wà nínú rẹ̀ tí ẹnu mi kò gbé.

Jẹ́ kí n tún un sọ bó ṣe yé mi, kí o lè mọ̀ pé mo gbọ́. Ilé iṣẹ́ yín ní ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù onígi tí àwọn òyìnbó ń pè ní béésìbọ́ọ̀lù, mẹ́fà ni wọ́n ní Gánà, wọ́n ń sanwó oṣù fún àwọn tó ń gbá a. Wọ́n wá ń rò ó bóyá wọ́n lè gbé ẹgbẹ́ kan wá sí orílẹ̀-èdè aládùúgbò tó tòṣì ju tiyín lọ, ìyẹn àwa. Bí ìwé tí wọ́n bá kọ nípa wa bá dára, wọ́n á gbin ẹgbẹ́ náà sí ẹ̀bá ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ìbàdàn, ìwọ ni wọ́n á sì rán wálé láti jẹ́ ọ̀gá rẹ̀. Bí kò bá dára, o di ará Akra nìyẹn. Ọdún mẹ́fà ni a ti ń rí ọ nínú fóònù nìkan, tí mo ń fín lọ́fíńdà kí n tó gbé e, tí o kì í sì í sọ pé mo ń ta sánsán. Ìyá rẹ ti sá bẹ́ẹ̀dì rẹ sóòrùn, ó ti kó àgbàdo kúrò ní yàrá rẹ, mo sì mọ̀ pé kò ní ibòmíràn tó máa kó o sí.

Ọ̀rọ̀ aládùúgbò tó tòṣì yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á. Mo mú un lọ ka fún Ṣàngótóyè ọ̀rẹ́ mi. O mọ̀ pé Kùmásì ni wọ́n bí àwa méjèèjì sí, ibẹ̀ ni mo ti dé kíláàsì kẹrin kí ìjọba Gánà tó lé àwa àlejò lọ ní ọdún 1969, tí àwọn bàbá wa fi di ẹrù wálé, tí ìṣirò mi sì dúró lórí pípín di òní. Nígbà tó di 1983, àwa náà lé tiwọn, wọ́n gbé báàgì gánà-mọ́sì-gò kọ́ èjìká. Ṣàngótóyè ní wọ́n lé wa, a lé wọn, ó wá ku kí wọ́n gbé bọ́ọ̀lù wá wo ìsàlẹ̀ ìkòkò wa. Ó ní kí n sọ fún wọn pé a kì í ṣe tálákà, owó wa ló kàn rìnrìn àjò.

Ọjọ́ Ẹtì ni Josephine, ọ̀gá tó wá láti ọ́fíìsì yín, dé pẹ̀lú àwọn agbábọ́ọ̀lù méjìdínlógún. Fóònù rẹ̀ ló ń júwe ọ̀nà fún un láti ẹnubodè, ṣùgbọ́n nígbà tó dé Ìlọrà, iwájú ilé Ṣàngótóyè ni fóònù náà ní òun ti mú un dé, ó sì dákẹ́ síbẹ̀. N kò fẹ́ fi ẹnì kankan sùn, àmọ́ mo rí Ṣàngótóyè lọ́dún tó kọjá tó ń fún àwọn tó wá gbé òpó fóònù dúró ní ọsàn. Mo kí Josephine ní èdè Kùmásì, mo ní maakye, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní ẹ kú àárọ̀ ni ìyẹn, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ sì ni. Mo ní láti 1969 ni mo ti fẹ́ kí i. Ó ní ìyá òun kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní Fìdítì kí a tó lé wọn, pé ó ṣì ń sọ̀rọ̀ ọsàn ibẹ̀ di òní. Mo ní kó bá mi bẹ ìyá náà, pé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan wà tí irun wọn ti funfun, tí wọ́n ṣì ń retí máàkì ìdánwò wọn. Ó kúnlẹ̀ kí èmi àti ìyá rẹ kó tó wọlé lọ sùn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó kọ́ ọmọ náà nílé.

Ọ̀rọ̀ èrò ló wá kù. O ti ní kí n kó èèyàn jọ, ṣùgbọ́n ta ló máa fi oko sílẹ̀ lásìkò tí koríko ń lé èèyàn láti wá wo àgbàlagbà tó mú kùmọ̀ dání? Mo ronú, mo bẹ ọ̀wẹ̀. Mo ní kí wọ́n wá bá mi ṣán ilẹ̀ ọ̀nà Jobele. Kò sí ẹni tó lè kọ ọ̀wẹ̀ mi, èmi náà kì í kọ tiwọn. Ní kùtùkùtù wọ́n ti dé pẹ̀lú àdá àti ọkọ́, kó sì tó di aago mẹ́wàá ilẹ̀ ti mọ́ bí orí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá. Wọ́n wá jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n ń retí ẹ̀wà àti gàrí ìyá rẹ, bó ṣe tọ́ fún ẹni tí a bẹ lọ́wẹ̀. Ìgbà náà ni àwọn ọmọ Gánà jáde pẹ̀lú igi àti bọ́ọ̀lù. Josephine rí èrò tó jókòó lọ súà, ó bi mí pé ṣé láti òwúrọ̀ ni wọ́n ti wà níbẹ̀. Mo ní láti òwúrọ̀ ni. Irọ́ kọ́.

Bọ́ọ̀lù náà dára, àmọ́ ó ní ohun tí kò yé mi nínú rẹ̀. Ẹnì kan ń ju bọ́ọ̀lù, ẹnì kejì fẹ́ fi kùmọ̀ gbá a, ẹnì kẹta lóṣòó sẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú irin lójú. Mo ti ní kí wọ́n mú ẹni yẹn lọ sẹ́yìnkùlé, mo rò pé inú ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, Josephine ní iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù wá sáré yí igun mẹ́rin ká, ó padà sí ibi tó ti gbéra, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pàtẹ́wọ́. Mo bi wọ́n pé kí ló lọ mú bọ̀, wọ́n ní kò mú nǹkan kan bọ̀. Ṣàngótóyè ní bí àwa náà ṣe ti Kùmásì dé nìyẹn, ẹnikẹ́ni kò sì pàtẹ́wọ́ fún wa.

Lẹ́yìn oúnjẹ, Josephine mú ìwé àti bírò, ó fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àwọn èrò. Nehemiah ti lọ sí Ọ̀yọ́, nítorí náà èmi ni mo ṣe ògbufọ̀. Ó ní kí n bi wọ́n pé èló ló tọ́ kó jẹ́ fún ẹnì kan láti jókòó wo bọ́ọ̀lù náà. Mo bi wọ́n bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ṣàngótóyè ló kọ́kọ́ fọhùn, ó ní ẹgbẹ̀rún méjì náírà. Àwọn yòókù ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹgbẹ̀rún méjì kò burú. Ìyá Ojúọlá ní ti òun gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, nítorí ìbàdí òun kì í jẹ́ kí òun pẹ́ lórí ìjókòó. Ẹnì kan ní kí wọ́n fi ẹ̀wà sí i. Josephine ń kọ ọ́ kíákíá, ó ní ní Akra gan-an kò tó ìdajì bẹ́ẹ̀. Ó wá béèrè bóyá wọ́n lè máa wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Wọ́n ní bó bá jẹ́ lójoojúmọ́ ni, àwọn á fi oko sílẹ̀. Ó ní òun kò rí ìlú tó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù báyìí rí, pé ta ló pè wá ní òtòṣì. Ó pè ọ́ lórí fóònù lójú wa, ìwọ náà mọ bí o ṣe ké, ó ní ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ ni àwọn ọ̀gá máa fọwọ́ sí i. Ìyá rẹ fi ìborùn bojú, ó wọ yàrá rẹ lọ, ó ń gbá ilẹ̀ tó ti gbá láàárọ̀.

A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ, ọmọ mi. Nínú gbogbo ilẹ̀ tí Ọlọ́run tẹ́, tiwa ni o júwe fún wọn. Bí ọwọ́ rẹ bá gbòòrò, fi nǹkan díẹ̀ ránṣẹ́ fún ẹ̀wà àti epo tí a fi bọ́ àwọn ọlọ́wẹ̀, kí o sì bá mi wá ọ̀kan nínú ìbọ̀wọ́ aláwọ ńlá tí wọ́n fi ń hán bọ́ọ̀lù yẹn, ó máa wúlò fún gbígbé àgbàdo kúrò lórí iná. Kí Ọlọ́run fún ọ ní iṣẹ́ tí kò ní mú ọ gbàgbé ẹnu ọ̀nà wa, kó fi àlùbáríkà sí òógùn rẹ, kó jẹ́ kí a fojú kan ara wa nígbà tí ojú yìí ṣì ń ríran.

Ibí ni mo fẹ́ dá a dúró sí, kí n kọ orúkọ mi, ṣùgbọ́n n kò tíì sọ ohun tí mo fi kọ̀wé. Àwọn èèyàn wa kò sọ pé àwọn á san ẹgbẹ̀rún méjì. Ohun tí wọ́n rò ni pé ẹgbẹ̀rún méjì ni wọ́n máa gbà. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá pè ọ́ kúrò lóko rẹ ló ń bọ́ ọ, ta ló máa rò pé òun tún ni yóò sanwó lórí oòrùn tó pa òun? Èmi náà kò rò ó bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo ń túmọ̀. Àmọ́ nígbà tí Ìyá Ojúọlá bi mí pé ta ló máa pín owó náà, ó yé mi. Josephine kò tíì pa ìwé rẹ̀ dé, kò sì jìnnà sí mi ju ìṣísẹ̀ méjì lọ. Mo wo ìyá rẹ, mo dákẹ́. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń yà lọ́dọ̀ mi láràárọ̀, wọ́n ń kí mi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, wọ́n ń béèrè owó ìran wọn.

Sọ fún àwọn ọ̀gá rẹ kó tó di ọjọ́ Ẹtì, kó má baà jẹ́ pé ìwọ ni wọ́n máa mú sí i. Mo ti sọ fún ìyá rẹ. Kò bínú, ó kàn ní kí n kọ ọ́. Mo lọ yí ìlú ká lánàá, mo bi wọ́n lọ́nà tó yé wọn, pé èló ni wọ́n lè yọ nínú àpò ara wọn láti wo bọ́ọ̀lù náà. Èèyàn mẹ́rin ló ní àwọn lè san igba náírà. Ìyá rẹ ni ọ̀kan, èmi ni ìkejì.

Bàbá rẹ,
Mọ́ṣúdù