Bí Mo Ṣe Yọ́ Ṣokoléètì fún Ọ̀gá Wa

                                        Ojúlé Kejì,
                                        Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀bù Káfíńtà,
                                        Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹta.

Ìdajì Íńṣì, ọ̀rẹ́ mi tòótọ́,

Báwo ni nǹkan? Ṣé dáadáa lẹ wà? Ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé ikọ́ yẹn ti fi í lọ́rùn sílẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́? Mo gbọ́ pé wọ́n ti ń gun orí tábìlì tí o kàn. Kí o ṣọ́ wọn o, nítorí bí mo ṣe mọ̀ ọ́, ẹsẹ̀ tábìlì náà kan á ti fi ìdajì íńṣì kúrú ju ìyókù lọ. Èmi àti ará ilé mi wà bí a ṣe wà, a dúpẹ́. Ẹ̀yìn ń dùn mí díẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni ẹ̀yìn kì í dùn nínú iṣẹ́ wa?

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà lọ́jọ́ Ajé. O béèrè bóyá kí o wá kí Ọ̀gá wa nísinsìnyí, tàbí kí o dúró títí ara wọn yóò fi yá. N kò dá ọ lóhùn kíá nítorí èmi gan-an kò mọ ohun tí mo lè sọ. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún rèé tí rọpárọsẹ̀ ti kọlù wọ́n. Apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kò ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ kò sì jáde lẹ́nu wọn ju "hẹn" àti "rárá" lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀fun ni ìṣòro gan-an. Bí wọ́n bá mu omi, á gba ọ̀nà òdì, wọn á sì máa wúkọ́ títí ojú wọn á fi pọ́n. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n kì bọ imú wọn ni oúnjẹ ń gbà wọlé.

Nọ́ọ̀sì tó ń wá sílé wá sọ fún wa lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun pé rọ́bà imú náà ti pẹ́ jù. Bí Ọ̀gá kò bá fi ẹnu jẹun títí di ọjọ́ Ẹtì, wọn á gbé wọn padà sí ọsibítù, wọn á dá ihò sí wọn níkùn, wọn á sì ki rọ́bà mìíràn gba ibẹ̀. Ó ní kí a wá nǹkan tó ki, tí kò ṣàn bí omi, tí kò sì ní hóró kankan. Màmá, ìyàwó Ọ̀gá, lọ ọ̀dùnkún. Wọ́n lọ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ọ̀gá pa ẹnu dé bí àpótí tí a kàn níṣòó. O mọ̀ wọ́n, bí wọ́n bá ti kọ nǹkan, wọ́n kọ ọ́ nìyẹn.

Lọ́jọ́rú ni mo rántí ọbẹ̀ dúdú, ti ṣokoléètì yẹn. Ṣé o rántí ṣọ́ọ̀bù áísìkiriìmù tó wà ní igun òpópónà, níbi tí Ọ̀gá máa ń kó wa lọ bí a bá parí iṣẹ́ ńlá? Ṣokoléètì gbígbóná tí wọ́n ń dà lé e lórí nìkan ni Ọ̀gá máa ń fi ṣíbí họ jẹ, wọn á sì ti áísìkiriìmù sọ́dọ̀ àwa ọmọ iṣẹ́. Ó ki, ó ń dán, kò ní hóró. Mo bi nọ́ọ̀sì, ó ní kò burú, bí ó bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí ó sì ń já bọ́ lára ṣíbí díẹ̀díẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù náà ti di ibi tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe, nítorí náà èmi ni n óò sè é. Èmi tí n kò se nǹkan kọjá ẹyin rí!

Mo ra ìyẹ̀fun kòkó, ṣokoléètì dúdú, ṣúgà, bọ́tà, mílíìkì tó ki àti oyin díẹ̀. Mo ti Ọ̀gá lórí àga wọn wọ ilé ìdáná kí òórùn rẹ̀ lè pè wọ́n. Mo da gbogbo rẹ̀ sínú ìkòkò kan, mo sì yí gáàsì dé òpin. Ọ̀gá kò ṣèèṣì sọ mí ní Onísùúrù, wọ́n fi ń bú mi ni. Kò pẹ́ tí ìsàlẹ̀ fi jóná, ó ń rùn bí pákó tí ẹ̀rọ ayùn jó. Ọ̀gá yí ojú sí ògiri.

Lọ́jọ́bọ̀ mo tún bẹ̀rẹ̀. Bí mo ṣe fẹ́ gbé ìkòkò kaná, Ọ̀gá gbé ọwọ́ òsì wọn lé ọwọ́ ọ̀tún tó sùn sórí itan. Mo ní, "Ọ̀gá, ṣé ọwọ́ ń dùn yín ni?" Mo sáré mú ìpara, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ra á. Wọ́n pòṣé. Mo fi aṣọ bò ó. Wọ́n tún pòṣé, èyí gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Màmá ní bóyá wọ́n fẹ́ lọ ṣe ìyàgbẹ́ ni. "Rárá!" Wọ́n tún gbé ọwọ́ kan lé èkejì, wọ́n sì wò mí bí ọjọ́ tí mo fi ayùn wọn gé wáyà.

Ìgbà yẹn ló yé mi. Ìkòkò lórí ìkòkò! Ìdajì Íńṣì, gọ́ọ̀mù! Gọ́ọ̀mù awọ ẹran tí a máa ń yọ́ nínú ìkòkò kékeré tó jókòó sórí omi gbígbóná, kí iná má bàa fojú kàn án. Ìgbà mélòó ni wọ́n fi rúlà gbá wa níka nítorí pé a jẹ́ kó hó? Ogún ọdún ni mo ti ń yọ́ gọ́ọ̀mù, ṣokoléètì wá sọ mí di ọmọ iṣẹ́ tuntun. Wọ́n ní ohun tí àgbà fi jókòó rí, bí ọmọdé dìde dúró kò lè rí i. Lórí àga arọ ni Ọ̀gá wa ti rí i.

Mo gbé abọ́ lé ìkòkò omi tó ń hó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Mílíìkì, ṣúgà àti oyin kọ́kọ́ wọlé, kòkó tẹ̀lé wọn pẹ̀lú iyọ̀ bíńtín. Nígbà tí ṣúgà yọ́ tán, mo fọ́ ṣokoléètì sí i, bọ́tà ló kẹ́yìn. Ọwọ́ òsì Ọ̀gá ń yí pẹ̀lẹ́ lórí itan wọn, èmi náà ń rò ó bí ọwọ́ náà ṣe ń yí. Èyí tó gbẹ sí etí abọ́, mo fẹ́ họ ọ́ padà, wọ́n ní "Rárá." Òótọ́ ni, ó ti di hóró. Nígbà tí ọwọ́ wọn dúró, mo pa iná, mo sì gbé e pamọ́ de nọ́ọ̀sì.

Nọ́ọ̀sì dé láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Mo rí fọ́ọ̀mù ọsibítù nínú báàgì rẹ̀. Mo tún un yọ́ lórí omi, mo jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó gbé Ọ̀gá jókòó dáadáa, ó ní kí wọ́n tẹ àgbọ̀n wálẹ̀, ó sì fi ìdajì ṣíbí sí wọn lẹ́nu. Ọ̀gá dijú. Màmá di etí tábìlì mú. Ọ̀rẹ́ mi, ẹ̀rù bà mí ju ọjọ́ tí ìyàwó mi ń rọbí lọ. Gògóńgò wọn gòkè, ó sì sọ̀ kalẹ̀. A ń retí ikọ́. Ikọ́ kò wá. Nọ́ọ̀sì ní, "Ẹ ya ẹnu, Bàbá." Ẹnu mọ́. Ó fún wọn ní òmíràn. Ṣíbí mọ́kànlá ni wọ́n jẹ, èmi ni mo kà á. Nọ́ọ̀sì ní kò sí ọ̀rọ̀ ihò ikùn mọ́. A óò máa fi oúnjẹ gidi kún un díẹ̀díẹ̀, títí rọ́bà imú á fi kúrò.

Mo yíjú sí Ọ̀gá, mo rò pé wọ́n á ní mo ṣeun. Wọ́n wo orí sítóòfù, wọ́n sì ń fa ọ̀rọ̀ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan: "Rẹ... abọ́ yẹn... sómi. Á gbẹ."

Gbólóhùn tó pé àkọ́kọ́ láti ọ̀sẹ̀ márùn-ún nìyẹn. Mo ní, "Ó dáa, Ọ̀gá." Mo rẹ abọ́ sómi, mo kẹ̀yìn sí wọn níbi tí mo dúró, mo sì sunkún. N kò tijú.

Nítorí náà, má dúró de ìgbà kankan. Bá mi kí ìyàwó rẹ, bá mi kí àwọn ọmọ, Màmá kí gbogbo yín. Kí o sì tètè wá. Ọ̀gá ti ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu báyìí, ó dá mi lójú pé tìrẹ wà nílẹ̀.

                                        Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ láti ìdí pákó,
                                        Onísùúrù.