Ilé Tí Agbára Wa Ká

Ọjọ́ Àìkú, 2 oṣù Kẹta
Irun tún dí ojú ihò balùwẹ̀. Mo fi igi fà á jáde: gígùn, dúdú, ó ń yọ̀ bí ẹja. Ìdílé mẹ́ta ló ń lo balùwẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó gbà pé irun òun ni.
Bí mo ṣe jáde báyìí, onílé ti wà nínú pálọ̀ wa. Kò kan ilẹ̀kùn. Kì í kan ilẹ̀kùn. Ó ń fi ẹsẹ̀ ti ẹrù mi lẹ́yìn kọ́tìnnì tí mò ń sùn sí bí mo bá ti ilé ìwé wá lópin ọ̀sẹ̀, ó ní òun ń yẹ ògiri wò. Nígbà tó lọ tán, Bàbá mi dìde. Wọ́n ní, "Ó tó gẹ́ẹ́. A máa ra ilé."
Ìyá mi ní, "Owó ta ni?"
"Owó báńkì. A ó máa san án díẹ̀díẹ̀." Wọ́n yíjú sí mi. "Ọ̀mọ̀wé, ìwọ lo máa bá wa ṣe ìṣirò ẹ̀."
Ọ̀mọ̀wé! Èmi tí mo gba mẹ́rin nínú mẹ́wàá nínú ìdánwò àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe fún wa ní yunifásítì. Wọn ò mọ̀. Mi ò sọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 oṣù Kẹta
A lọ wo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan. Ẹjẹ́ǹtì tó mú wa lọ, Òróró ni mo sọ ọ́. Irun rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, gbogbo ẹ̀ ló ń yọ̀. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́, mo nu ọwọ́ mọ́ síkẹ́ẹ̀tì. "Dádì, ilé yìí ti ń pe orúkọ yín tipẹ́!" "Mọ́mì, ẹ wo kíṣìnnì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sunkún o!" Èso oníke wà lórí tábìlì. Mo fọwọ́ kan ọsàn kan. Eruku.
Bàbá mi bi í pé èló ni báńkì lè yá àwọn. Ó rẹ́rìn-ín. "Ju iye tẹ́ ẹ rò lọ, Dádì. Ẹ gba gbogbo ẹ̀. Owó báńkì kì í bu èèyàn jẹ."
Ìríra.
Ṣùgbọ́n yàrá kan wà lókè. Kékeré, fèrèsé kan, ilẹ̀kùn tó ṣeé tì. Mi ò sùn ní yàrá tèmi rí láti ìgbà tí mo ti dáyé. Bàbá mi ní, "Tìẹ rèé." Mo dúró síbẹ̀ títí wọ́n fi pè mí.

Ọjọ́ Àìkú, 9 oṣù Kẹta
Ilé kejì. Kúkúrú ni mo sọ ọ́. Kò lókè, yàrá méjì, pálọ̀, àgbàlá tí kò ju ẹní kan lọ. Obìnrin tó ni ín kó ológbò jọ, ìtọ̀ wọn ti wọ inú sìmẹ́ǹtì lọ. Mo fi ìborùn dí imú, èébì ṣì ń gbé mi. Bàbá mi ò kọjá ẹnu ọ̀nà. "Èmi? Kí n máa bá ológbò gbélé?"
Nọ́ọ̀sì ni Ìyá mi, kò sí òórùn tí wọn ò tí ì gbọ́. Wọ́n fọwọ́ lu ògiri, wọ́n ṣí gbogbo ẹ̀rọ omi, wọ́n wo òrùlé. "Òórùn máa ń lọ," ni wọ́n wí. "Gbèsè kì í dá lọ."

Ọjọ́rú, 12 oṣù Kẹta
Mi ò lè jẹun. Gbogbo nǹkan ń rùn bí ológbò.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 oṣù Kẹta
Mo ṣe ìṣirò ilé méjèèjì. Mo tún un ṣe, mo tún un ṣe, torí mi ò gbẹ́kẹ̀ lé ara mi.
Ẹ̀rọ amúlétutù ni Bàbá mi ń tún ṣe. Nígbà ooru wọn kì í ráyè jókòó. Bí òjò bá ti dé, kò sẹ́ni tó ń pè wọ́n. Owó oṣù Ìyá mi la fi ń gbé e títí òjò á fi lọ. Owó ìgbà ooru nìkan ni Bàbá mi sì fẹ́ kí báńkì rí. Tó bá jẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì la rà, nígbà òjò báńkì máa gbé gbogbo owó oṣù Ìyá mi, owó búrẹ́dì ò ní kù. Bẹ́ẹ̀, ọdún méjì péré ni èlé máa fi dúró sójú kan. Lẹ́yìn ìyẹn, ó lè gòkè. Tó bá jẹ́ Kúkúrú, owó Ìyá mi lè dá a san, kó tún ṣẹ́ kù, kódà bí èlé bá gòkè díẹ̀.
Ó hàn gbangba. Àmọ́ bí mo bá sọ ọ́, yàrá mi lọ nìyẹn.
Bóyá mo ṣì í ṣe. Mẹ́rin nínú mẹ́wàá ṣáà ni mí.
Irú ọmọ wo ni mí?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 oṣù Kẹta
Ẹ̀gbọ́n Bàbá mi wá. Agogo ni mo ń pè wọ́n nínú mi, torí wọn kì í dákẹ́. "Ayálégbé! Ayálégbé, ṣé dáadáa lo wà?" Bí wọ́n ṣe ń kí Bàbá mi nìyẹn láti ọjọ́ tí wọ́n ti ní ilé tiwọn. Bàbá mi kì í fèsì. Lónìí wọ́n ní, "Ẹ rọra, Ẹ̀gbọ́n. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì là ń rà."
Agogo dákẹ́ o! Ojú Bàbá mi ń dán bí ti ọmọdé. Wọ́n yí sí mi: "Ọ̀mọ̀wé, o ti ṣe ìṣirò ẹ̀. Ó dáa àbí kò dáa?"
Mo ní, "Ó dáa, sà."
Ìyá mi wò mí.
Mo lọ fọ ẹnu mi. Mo fọ ọ́ títí ẹ̀jẹ̀ fi jáde lẹ́rìgì mi.

Ọjọ́bọ̀, 27 oṣù Kẹta
Báńkì. Mo pa kíláàsì jẹ. Òróró ti débẹ̀ ṣáájú wa, òun àti òṣìṣẹ́ báńkì, onítáì pupa kan, ń para wọn lẹ́rìn-ín. Mo fọwọ́ kan abẹ́ tábìlì: ṣingọ́ọ̀mù ẹlòmíì, ó ṣì rọ̀. Onítáì ṣí ìwé owó tí ń wọlé fún Bàbá mi, ó pa á dé. "Ó dáa gan-an, sà. Ẹ buwọ́ lù ú." Kò béèrè ohunkóhun. Ó na bírò sí Ìyá mi, torí àwọn méjèèjì ló máa jọ buwọ́ lù ú. Mo rí ìka wọn, tí ọṣẹ ọsibítù ti bó.
Mi ò mọ ìgbà tó já bọ́ lẹ́nu mi: "Ìgbà òjò ńkọ́?"
Bàbá mi tẹ ẹsẹ̀ mi mọ́lẹ̀. Òróró ní, "Àwọn ọmọ ìsinyìí! Ìwé ti pọ̀ jù lórí wọn." Síbẹ̀ mo sọ ọ́ tán: nígbà òjò iṣẹ́ Bàbá mi kì í lọ. Tí èlé bá wá gòkè ńkọ́? Tí a ò bá rí i san ńkọ́?
Onítáì ní irú ẹ̀ ò lè ṣẹlẹ̀.
Ìyá mi gbé bírò sílẹ̀. "Ọmọ béèrè ọ̀rọ̀. Ẹ dá a lóhùn."
Ó tún táì rẹ̀ ṣe. Ó ní bí oṣù mẹ́ta bá kọjá láìsan, báńkì lè ta ilé.
"Lójú wa?"
"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."
Bàbá mi dìde, wọ́n jáde. Inú bọ́ọ̀sì la wà. Òróró pe Bàbá mi lórí fóònù, mo ń gbọ́ ọ níbi tí mo jókòó sí. Kò pè wọ́n ní Dádì mọ́. "Ẹ mọ̀ pé ẹ ò lówó, ẹ wá ń da èèyàn láàmú kiri." Ẹnu kan náà tó fi ń pọ́n wọn lé. Ó rí mi lára débi pé mo fẹ́ tutọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 4 oṣù Kẹrin
Bàbá mi ò pè mí ní Ọ̀mọ̀wé mọ́. Orúkọ mi gan-an ni wọ́n ń pè. Èébú sàn jù ú lọ.

Ọjọ́ Àìkú, 6 oṣù Kẹrin
Òjò rọ̀ lánàá, àkọ́rọ̀. Bàbá mi mú agboòrùn, wọ́n jáde láìsọ ibi tí wọ́n ń lọ. Nígbà tí wọ́n padà dé, òórùn ológbò ló ṣáájú wọn wọlé.
"Kò jò," ni wọ́n wí, wọ́n ń bọ́ bàtà. "Mo jókòó síbẹ̀ títí òjò fi dá. Kò jò rárá."
Ìyá mi pa ẹ̀rín mọ́ra. "Ṣé ẹ ti wá lè bá ológbò gbélé?"
"Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́ ẹ̀. Àmọ́ mo sọ fún obìnrin yẹn pé kó yọ owó òórùn kúrò nínú owó ilé. Ó sì yọ ọ́!" Wọ́n ní nígbà ooru, àwọn á máa fi nǹkan pamọ́ de òjò, kó má di pé ẹsẹ̀ yẹ̀. Wọ́n wá wò mí. "Àbí, Ọ̀mọ̀wé?"
Mo lọ sunkún nínú balùwẹ̀ ẹlẹ́gbin yẹn. Ayọ̀ ni, mo rò pé ayọ̀ ni. Yàrá méjì ló ṣáà wà ní Kúkúrú.

Ọjọ́bọ̀, 24 oṣù Kẹrin
Báńkì gbà. Owó oṣù Ìyá mi nìkan ni wọ́n fi díwọ̀n. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún la ó fi san án.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 17 oṣù Karùn-ún
Ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan. Mo ti ilé ìwé lọ tààrà sí ilé tuntun. Èmi àti Ìyá mi kúnlẹ̀, a fi omi gbígbóná àti ọṣẹ bó ilẹ̀ pálọ̀. Àwọ̀ tíì ló ń tú jáde nínú sìmẹ́ǹtì. Mo bì. Ìyá mi rẹ́rìn-ín, wọ́n ní mi ò lè ṣe nọ́ọ̀sì láéláé.
Mo gbé báàgì mi lọ sí yàrá kejì. Bẹ́ẹ̀dì ti wà níbẹ̀. Aṣọ ẹlòmíì lára ìṣó. Sálúbàtà ẹlòmíì. Nọ́ọ̀sì ọ̀dọ́ kan tí òun àti Ìyá mi jọ ń ṣiṣẹ́ ló ti gba yàrá náà, ó ti san oṣù mẹ́fà sílẹ̀.
Bàbá mi tẹ̀ lé mi wọlé, inú wọn ń dùn. "Owó ẹ̀ la ó máa kó pamọ́ de òjò. Ìwọ lo là wá lójú o! Mo ti ròyìn ẹ fún Ẹ̀gbọ́n." Wọ́n dúró kí n sọ̀rọ̀.
Mo ṣe ìṣirò náà lórí ìdúró. Ó pé. Kò sí àṣìṣe kankan nínú ẹ̀. Ìyẹn ló rí mi lára jù lọ.
Orí àga pálọ̀ ni mo wà báyìí. Òórùn yẹn ṣì wà lábẹ́ ọṣẹ. Ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ yọjú, wọ́n gbé ìrọ̀rí kan fún mi, wọ́n bi mí jẹ́jẹ́ pé, "Ìgbà wo lo ń padà? Kí n lè sọ fún nọ́ọ̀sì pé kó má tan iná pálọ̀ tó bá ń lọ síbi iṣẹ́ ìdájí."
Ẹrù ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo dì wá.
Mo ní, "Lọ́la, mà."