Búrẹ́dì Tó Wú, Tí Inú Rẹ̀ Ṣófo

Ilé Búrẹ́dì Tiwa-Ló-Gbóná,
Ẹ̀yìn Ilé Ìfìwéránṣẹ́,
Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kẹsàn-án.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Eékún tó máa ń yọ ọ́ lẹ́nu nígbà òtútù, ṣé ó ti ń jẹ́ kí o sùn? Ní tèmi, ara mi le koko bí ọta. Ìwé kẹta ni mo ti kúrò nílé ìwé, àmọ́ àwọn tó kàwé tán ló ń tò síwájú ààrò mi láràárọ̀.

Ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ tó wà lọ́dọ̀ mi ló jẹ́ kí n mú bírò. Ó bẹ̀ mí kí n má tíì sọ fún ọ, mo sì gbà fún un. Ṣùgbọ́n ó ń bọ̀ wálé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, mi ò sì fẹ́ kó bá ọ lójijì. Fọkàn balẹ̀, ewu ti rékọjá.

O mọ̀ ọ́n mọ́ eré sísá. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ti jáde. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á tún sá. Àgbọ̀nrín ni àwọn òṣìṣẹ́ mi ń pè é, èmi náà sì ń fi í yangàn fún àwọn oníbàárà. Ohun tí kò dùn mọ́ mi ni pé ọmọ ń gbé ilé búrẹ́dì, kò fẹnu kan búrẹ́dì! Kùkúmbà àti funfun ẹyin nìkan. Bí mo bá gé búrẹ́dì gbígbóná síwájú rẹ̀, á ní, "Màmá, mo ti yó." Mo ní, "Kí lo jẹ yó? Òórùn ààrò?"

Àfi lọ́jọ́ kan tó ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn kékeré ẹnu ọ̀nà. Kò yọ̀, kò ṣubú, ẹsẹ̀ rẹ̀ kàn dún kẹ́ẹ́. Ó ti pẹ́ tó ti ń dùn ún, ó ń fi aṣọ wé e, ó sì ń bá eré rẹ̀ lọ.

Nílé ìwòsàn, dókítà kan tí mo lè bí ìyá rẹ̀ gbé fọ́tò egungun sí iná. Ó ní egungun ẹsẹ̀ ti sán, pé egungun ọmọ náà lápapọ̀ ti fẹ́lẹ́. Ló bá bi í nípa nǹkan oṣù rẹ̀. Àbúrò mi, ó lé lọ́dún kan tí kò ti rí i! Inú rẹ̀ tiẹ̀ dùn, ó ní ìyọnu dín kù. Dókítà ní ibẹ̀ gan-an lewu wà. Bí oúnjẹ obìnrin kò bá tó eré tó ń sá, ara á pa nǹkan oṣù tì, bẹ́ẹ̀ ohun tó ń mú nǹkan oṣù wá nínú ara ló ń bá wa ṣọ́ egungun. Ìgbà èwe la sì ń kó egungun jọ de ọjọ́ ogbó.

Mo ta kò ó. Mo ní, "Irọ́ nìyẹn, dókítà! Èmi tí o ń wò yìí, nígbà tí mo wà lọ́jọ́ orí rẹ̀, àpò fúláwà ni mo ń gbé lórí láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, egungun mi ò sán rí. Iṣẹ́ kì í fọ́ egungun!"

Ó rẹ́rìn-ín. "Òótọ́ ni, Màmá. Iṣẹ́ a máa mú egungun le. Kí lẹ máa ń jẹ kí ẹ tó gbé àpò?"

"Odindi búrẹ́dì pẹ̀lú wàrà! Ta ni yóò gbé fúláwà pẹ̀lú ikùn òfìfo?"

Ọmọ rẹ wò mí, mo wò ó. Oúnjẹ lọ̀rẹ́ àwọ̀, wọn ò sọ fún wa pé ọ̀rẹ́ egungun náà ni. Mo tún wo fọ́tò yẹn, ó dà bíi búrẹ́dì àwọn aláyédèrú tí fúláwà rẹ̀ kò tó, tí yíìsì rẹ̀ pọ̀ jù: ẹ̀yìn á máa dán, fi ọ̀bẹ kàn án, ihò ni. Èmi ò ta irú rẹ̀ rí.

Bí a ti fẹ́ máa lọ, dókítà kọjú sí èmi náà: "Màmá, ẹ̀yin, ẹ máa rìn díẹ̀." Ọmọ rẹ gbá ọ̀rọ̀ náà mú. Ó ní òun ò ní jẹun bí èmi ò bá rìn. Èmi tí ẹnikẹ́ni kì í pàṣẹ fún! Nígbà tí wọ́n tú ohun tí wọ́n fi di ẹsẹ̀ rẹ̀ nílé ìwòsàn, a bẹ̀rẹ̀. A ń rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ dé igun òpópónà, a ó padà, a ó jókòó jẹun. Lákọ̀ọ́kọ́, ó sunkún lórí ègé búrẹ́dì kan ṣoṣo. Mo rò pé àkẹ́jù ni, títí ó fi ní, "Màmá, bí mo bá sanra, kí ni màmá mi máa sọ?" Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà á ní tòótọ́. Gbogbo ìgbà tó bá fi fọ́tò ránṣẹ́ sí ọ lo máa ń ní, "Ìbàdí tẹ́ẹ́rẹ́ rẹ mà rẹwà o, ọmọ mi, má jẹ́ kó bàjẹ́." Mi ò bá ọ wí. Ṣebí èmi náà ń pè é ní Àgbọ̀nrín.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, ó wá bá mi nídìí ààrò, ó sọ ọ́ sí mi létí pé nǹkan oṣù òun ti padà. Igbe ayọ̀ tí mo ké, àwọn òṣìṣẹ́ rò pé búrẹ́dì ló jó. Kó tó di pé mo panu mọ́, ó sì ti jó lóòótọ́! Àkọ́jó mi láti ọjọ́ tí mo ti dá ààrò sílẹ̀, inú mi sì ń dùn. Dókítà ò tíì gbà kó sáré o. Ó ní egungun kì í yára padà.

Nítorí náà, bó bá dé, má fi ojú wọ̀n ọ́n. Má sọ pé ó sanra, má sọ pé ó rù. Ṣáà sọ pé, "Káàbọ̀, wá jókòó," kí o bu oúnjẹ, kí ìwọ náà sì jẹ tìrẹ níwájú rẹ̀. Búrẹ́dì méjì ni mo máa dì sínú báàgì rẹ̀, ọ̀kan tìrẹ, ọ̀kan tirẹ̀. Bí tirẹ̀ bá délé ní odindi, tètè pè mí. Bó bá ti bù ú jẹ lọ́nà, má sọ nǹkan kan. Gbọn èérún rẹ̀ dànù lára aṣọ rẹ̀, kí o rẹ́rìn-ín.

Bá mi kí ọkọ rẹ àti gbogbo ará ilé.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ, tìrẹ títí ayé,
Ààrò-Kì-í-Tutù.