Orogún Tí Wọ́n Fi Òdòdó Bò Lójú

Ọjọ́ Ajé, 27 Oṣù Kìíní
Ọkọ mi, Casimiro, ti gbé orogún wá bá mi. Mọ́tò ni. Ó ní ojú wà nímú rẹ̀ tó ń ríran, pé tí nǹkan bá ti wà níwájú, á tẹ bíréèkì fúnra rẹ̀. Mo ní ó káre. Ẹni tí kì í rí abọ́ tó fi jẹun ti ra ojú.

Ọjọ́rú, 29
Lójú ọ̀nà El Alto, ó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí bíréèkì lẹ́yìn tírélà kan, ó ní kí n máa wòran. Orogún mi dúró lóòótọ́. Àyà mi fẹ́rẹ̀ẹ́ já. Ó ní, "Ṣé o rí i, Nelda? Ó mọ̀ ọ́n wà jù mí lọ." Òótọ́ àkọ́kọ́ tó sọ láti ọdún tó kọjá.

Ọjọ́bọ̀, 30
Ẹsẹ̀ Casimiro ti di àlejò nínú mọ́tò.

Àbámẹ́ta, 1 Oṣù Kejì
Copacabana, ìlú tí wọ́n ti ń bùkún mọ́tò. A lọ gba ìbùkún fún orogún. Àlùfáà wọ́n omi, a da bíà sí táyà bí àṣà, ìyá ọkọ mi so òdòdó rẹpẹtẹ bo gbogbo imú mọ́tò. Bí a ṣe tan án, iná kan yọ ní dáṣíbọ́ọ̀dù: òun ò ríran mọ́. Mo ní ká tú òdòdó. Màmá ní, "Ìyàwó, a kì í tú u. Ó máa gbẹ, á já fúnra rẹ̀. Àbí ààbò ọmọ mi lo fẹ́ tú?" Casimiro ní omi àlùfáà ló wọ ibẹ̀, pé á gbẹ. Ó lẹ àwòrán Wúńdíá mọ́ iná náà lójú. Ìṣòro ti tán nìyẹn.

Àìkú, 2
À ń padà bọ̀ wálé, Wara, ọmọ wa ọlọ́dún méje, wà lẹ́yìn. Baba darandaran kan ń da àgùntàn kọjá títì. Casimiro rí wọn — ó ká ẹsẹ̀ jọ, ó ń dúró de orogún mi. Orogún mi ń lọ ní tiẹ̀. Èmi ni mo fa bíréèkì ọwọ́. Mọ́tò yí bìrí, àgùntàn kan kú, díẹ̀ báyìí ló kù kó gbá baba náà. Wara forí gbá ìjókòó, ẹ̀jẹ̀ bo ojú ọmọ mi.
Màmá ní òdòdó ló kó wa yọ. Èmi ń nu ẹ̀jẹ̀.

Ajé, 3
Ilé ìwé wọlé lónìí. Láàárọ̀, Casimiro fúnra rẹ̀ mú ọ̀bẹ, ó gé òdòdó dànù. Ó ṣílẹ̀kùn fún Wara: "Wọlé, ó ti ń ríran." Ọmọ náà dúró síta pẹ̀lú báńdéèjì lórí. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin ńkọ́?"
Casimiro pa mọ́tò, ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, wọ́n rìn lọ. Ó ti rántí pé òun ní ẹsẹ̀.